"Gbé akoto ẹ sọ́hùn-ún, mi ò lè fi orí mi ṣeré!" Ìjà ọlọ́kadà àtèrò tí kò tíì tán láti ọdún 2009

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2009 bọ́ sí. Ìrẹsì àti adìẹ ọdún tuntun ò tíì tán nínú ìkòkò ọ̀pọ̀ èèyàn tí wàhálà fi dé sójú títì. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Road Safety, ti kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, ọlọ́kadà yòówù tí kò bá dé akoto, òun àti èrò tó gbé sẹ́yìn, yóò fojú winá òfin, àwọn yóò sì gba máṣíìnì lọ́wọ́ ẹ̀. Akoto ọ̀hún làwọn ará ìgboro ń pè ní ẹ́límẹ́ẹ̀tì. Òfin náà kì í ṣe tuntun ní ti gidi o. Ó ti wà nínú ìwé ìlànà ìrìnnà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004, àmọ́ òfin tó bá wà nínú ìwé lásán, tí kò sẹ́ni tó ń mú èèyàn sí i, bí àlá ló máa ń rí lójú ọmọ Nàìjíríà. Ọdún 2009 yìí ni wọ́n tó jí i dìde.

Ní oríta gbogbo, láti Ojúẹlẹ́gba l'Ékòó dé Ìwó Road n'Ibàdàn, títí dé Pánṣẹ́kẹ́ l'Ábẹ́òkúta, eré kan náà ni wọ́n ń ṣe láràárọ̀. Èrò á juwọ́, ọ̀kadà á dúró, wọ́n á dúnàá dúrà, ọ̀rọ̀ owó á yanjú. Ìyá á ti fẹ́ẹ́ gbẹ́sẹ̀ sókè kó tó rí i pé ọlọ́kadà ń na nǹkan dúdú kan sí òun.

"Kí lèyí?"

"Ẹ́límẹ́ẹ̀tì ni, mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé e, àwọn Road Safety wà níwájú."

Ìyá á gbà á, á yí i síwájú, á yí i sẹ́yìn, á yọjú wo inú ẹ̀, á gbóòórùn ẹ̀, á wá fi ìka méjì gbé e padà fún un bí ẹni gbé òkú eku. "Orí ta ló kúrò nínú ẹ̀ kó tó kan tèmi? Gbé akoto ẹ sọ́hùn-ún o jàre, mi ò lè fi orí mi ṣeré!"

Nígbà mìíràn, ìyá á sọ̀ kalẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn. Nígbà mìíràn, wọ́n á parí ẹ̀ sí pé kó gbé e lé itan, tó bá ti rí aṣọ Road Safety lọ́ọ̀ọ́kán, kó sáré gbé e lérí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìyá yẹn bi ọlọ́kadà ló gbé gbogbo àríyànjiyàn náà dání. Orí ta ló kúrò nínú ẹ̀? Àwọn tó ṣòfin ò bi ara wọn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àìbéèrè wọn ló sì dá gbogbo ohun tó tẹ̀lé e sílẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ ibi tó ti pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù, ìlú Kánò ló gbapò kìn-ín-ní. Achaba ni wọ́n ń pe ọ̀kadà lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà táwọn alàchaba rí i pé owó akoto ti ga ju agbára àwọn lọ, igbá ni wọ́n dé. Igbá gidi, èyí tí èèyàn lè fi bu omi mu. Àwọn mìíràn dé agolo ọ̀dà. Àwọn kan gé táyà, wọ́n fi okùn so ó mọ́rí bí ẹni di ẹrù igi. Àwọn kan wá akoto tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lékọ́lé máa ń dé níbi iṣẹ́, wọ́n gbé e karí, ó di pé bíríkìlà ń gbé èrò kiri ìgboro. Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ayé sì gbọ́ nípa ìlú tí wọ́n ti ń fi igbá gun alùpùpù. Road Safety ní tiwọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ń gba máṣíìnì lọ́wọ́ àwọn onígbá, wọ́n láwọn fẹ́ kó wọn lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n lọ ṣàlàyé bí igbá ṣe fẹ́ gba orí là.

Ẹni tó dé igbá yẹn kì í ṣe wèrè o. Ohun tó yé e ni pé nǹkan tí wọ́n ní kó gbé sórí, ojú Road Safety ló wà fún. Tí ojú wọn bá ti rí nǹkan róbótó lórí, ó parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Kánò nìkan ni wọ́n ti ń ronú bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kadà Èkó tó fi ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan ra akoto gidi, tó wá fi há ìgbọ̀nwọ́ bíi báàgì, kí ló fi sàn ju onígbá lọ? Ti onígbá tiẹ̀ wà lórí.

Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn èrò yàtọ̀ pátápátá. Owó kọ́ nìyá yẹn ń rò, torí òun kọ́ ló máa ra akoto. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri nígbà náà ni pé àwọn ọlọ́kadà kan ti ki oògùn bọ inú akoto, pé ẹni tó bá ti dé e báyìí, iyè ẹ̀ á ra, ibi tí ọlọ́kadà bá ń gbé e lọ ló máa bá a dé, wọ́n á gba gbogbo ohun tó ní, tàbí kí wọ́n fi í ṣe oògùn owó. Àwọn mìíràn ní pípòórá ló máa ń pòórá, pé ọlọ́kadà á dé ibi tó ń lọ, á bojú wẹ̀yìn, akoto nìkan ni yóò bá lórí àga.

Kò sẹ́ni tó rí i tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ òun ló rí i. Ṣùgbọ́n kẹ́nì kan má tíì pe àwọn èèyàn wọ̀nyí ní òpè. Wọn ò tíì gbàgbé ọdún 2004, nígbà tí wọ́n ń ka nọ́ńbà fóònù kan síra wọn létí, pé ẹni tó bá gbé ìpè ẹ̀ yóò ṣubú lulẹ̀, yóò kú. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù jáde, wọ́n ní irọ́ ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló pa fóònù wọn. Bí èèyàn bá lè sá fún ìpè tí kò tíì wọlé, báwo ni kò ṣe ní sá fún nǹkan tí ẹni tí kò mọ̀ rí fẹ́ gbé karí ẹ̀? Orí sì kọ́ ni Yorùbá fi ń ṣàwàdà. Orí ni wọ́n ń bọ, orí ni wọ́n ń bẹ̀ kí iṣẹ́ tó yọrí, orí ni wọ́n ń dá lẹ́bi nígbà tí nǹkan bá dojú rú. Fìlà àjèjì, tí kì í ṣe ti ọkọ, tí kì í ṣe ti bàbá, kì í sáà ṣe ohun tí èèyàn ń gbé karí kó tó bèèrè ibi tó ti wá. Ọlọ́kadà tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà láyà, tí ẹnikẹ́ni ò mọlé ẹ̀, òun ló wá ní kí gbogbo ìlú gbé orí lé òun lọ́wọ́.

Àwọn tí kò tiẹ̀ gba oògùn gbọ́ ní tiwọn lẹ́nu. Tí ọ̀kadà kan bá gbé ogún èrò lóòjọ́, ogún orí ló ti wọnú akoto kan náà kí ilẹ̀ tó ṣú, nínú òógùn, nínú ooru, pẹ̀lú eruku. Ẹni tó ní làpálàpá wà níbẹ̀, ẹni tó ní iná orí wà níbẹ̀, ẹni tí kò tíì fọ irun látọdún Kérésì wà níbẹ̀. Àwọn dókítà ò ní pe ìyẹn nírọ́ o. Làpálàpá orí máa ń ran èèyàn láti ara fìlà àti kóòmù tí wọ́n bá jọ ń lò. Ká sì tó wá dé ti àwọn obìnrin tó ti jókòó wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó dirun tán, tàbí àwọn tó ń lọ sóde lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú gèlè tí wọ́n sanwó fún onígèlè kó tó bá wọn wé e. Ta ni yóò wé gèlè ẹgbẹ́ tán, tí yóò wá gbé akoto tẹ̀ ẹ́ pa bí ẹ̀bà inú abọ́? Onífìlà abetí ajá ń ké, oníhíjáàbù ń ké. Àwọn aláwàdà tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ẹ́ tú ilé àwọn kan ká: bàálé ilé á wọlé lálẹ́, ìyàwó á gbóòórùn ìpara irun obìnrin mìíràn lórí ẹ̀, bàálé á ní akoto ọ̀kadà ni. Ìyàwó wo ló máa gba ìyẹn gbọ́?

Ẹ̀rín ni gbogbo èyí títí dìgbà tí orí bá gbá títì. Kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn ti ń pe wọ́ọ̀dù kan nílé ìwòsàn ní wọ́ọ̀dù ọlọ́kadà. Ẹni tí ẹsẹ̀ kán, wọ́n á tò ó. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bó, yóò jiná. Orí ló ṣòro. Ọpọlọ èèyàn rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín tí kò tíì jiná tán nínú agolo. Nígbà tí agbárí bá gbá títì, agbárí á dúró lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ tó wà nínú ẹ̀ ṣì ń sáré lọ, ara ògiri agbárí ni yóò ti dúró. Ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú níbi tójú ò lè rí i, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹlòmíì á dìde, á gbọn eruku ara, á ní kò sí nǹkan tó ṣe òun, tí yóò sì dákú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí akoto wà fún ni kó má jẹ́ kí orí dúró lójijì. Ike tàbí fáíbà tó wà lóde kọ́ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ jù. Fóòmù funfun inú ẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun nínú páálí kó má baà fọ́. Nígbà tí orí bá gbá nǹkan, fóòmù náà á run wọlé díẹ̀díẹ̀, á jẹ agbára ìgbá náà kó tó dé agbárí. Nítorí bẹ́ẹ̀, akoto tó bá ti gba ìjàǹbá kan, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí, kódà kí òde ẹ̀ ṣì máa dán. Èyí tí wọn ò bá sì so okùn ẹ̀ mọ́ abẹ́ àgbọ̀n, kí orí tó dé ilẹ̀ ni yóò ti fò lọ. Akoto bíríkìlà ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí nítorí búlọ́ọ̀kù tó bá já láti òkè ni wọ́n ṣe ṣe é, kì í ṣe nítorí ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ orí gbo títì. Igbá ní tiẹ̀ á fọ́, àfọ́kù ẹ̀ á sì tún ya orí.

Pé ó ń gba ẹ̀mí là, ìyẹn ò sí nínú àríyànjiyàn mọ́. Lọ́dún 2008, ọdún kan ṣáájú kí Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, àwọn olùwádìí kó ìwádìí mọ́kànlélọ́gọ́ta jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ohun tí wọ́n rí ni pé nínú ìjàǹbá alùpùpù, ewu ikú fi ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù fún ẹni tó dé akoto sí ẹni tí kò dé e, ewu kí orí fara pa sì fi ìdá 69 dín kù. Kò sí àgbo, kò sí òrùka, kò sí ońdè tó tíì fi irú èyí hàn nínú ìwé.

Àríyànjiyàn lórí ẹ̀ náà ò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́kadà. Lóṣù karùn-ún, ọdún 1935, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó lókìkí gan-an, T. E. Lawrence, ẹni tí wọ́n ń pè ní Lawrence ti ilẹ̀ Lárúbáwá, ń gun alùpùpù ẹ̀ lọ nílùú ẹ̀. Ó fẹ́ yà fún àwọn ọmọkùnrin méjì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó ṣubú. Kò dé nǹkan kan sórí. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó wò ó, Hugh Cairns, ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn ológun tí alùpùpù ń fọ́ lórí, ó sì gbé ìwádìí ẹ̀ jáde lọ́dún 1941. Síbẹ̀, ó di ọdún 1973 kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó sọ akoto di dandan fún gbogbo ẹni tó bá gun alùpùpù. Kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta tí òfin yẹn délẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, tí wọ́n máa ń wé láwàní, fi ní àwọn ò lè tú láwàní nítorí akoto. Lọ́dún 1976, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú òfin náà. Èyí ni pé òyìnbó pàápàá gbà pé ohun tí èèyàn wé sórí lè ju aṣọ lásán lọ. (Bóyá gèlè òde náà jẹ́ ẹ̀sìn, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ẹgbẹ́.)

Ní Amẹ́ríkà, títí dòní, nínú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀, àgbàlagbà lè gun alùpùpù pẹ̀lú orí lásán, òfin ò ní mú un. Lórí ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà gan-an, wọn ò tíì bára wọn sọ ọ́ tán lókè òkun. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà sọ ọ́ di dandan lọ́dún 1990, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lágbàáyé, nígbà tí àwọn ará Netherlands, tí kẹ̀kẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn bí ẹni ń kó yanrìn, ń gun tiwọn lọ síbi iṣẹ́ láì dé nǹkan kan.

Orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹ kó dun Nàìjíríà ni Vietnam. Níbẹ̀, alùpùpù ló kún títì, mọ́tò ò tó nǹkan. Àwọn náà ti fi akoto ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún pípẹ́, ìkòkò ìrẹsì oníná ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejìlá, ọdún 2007, òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Kò pẹ́ rárá tó fi jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá gun alùpùpù kọjá, ó lé ní àádọ́rùn-ún tó dé akoto. Ọdún kan àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Nàìjíríà ṣe tiẹ̀, tó sì di igbá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní torí pé ọmọ Nàìjíríà jẹ́ aláìgbọràn ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Vietnam, ẹni tó gun alùpùpù ló sábà ń ni ín, ìyàwó ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ ló gbé sẹ́yìn. Wọ́n ra akoto bí wọ́n ṣe ń ra bàtà, ti bàbá, ti ìyá, ó wà lára ìṣó nílé. Ọ̀kadà ní tiẹ̀, takisí ni. Ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn ò mọra wọn rí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n máa lò pọ̀, wọn ò sì ní ríra mọ́. Òfin ní kí orí méjì dé akoto méjì, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ni ìkejì. Yorùbá ti máa ń sọ ọ́ pé ẹni tó lórí ò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà ò lórí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọlọ́kadà ló ní akoto, èrò ló ni orí.

Ó sì yẹ kí èèyàn wo ti ọlọ́kadà náà. Lẹ́yìn ọdún 1986, nígbà tí ìjọba Babangida kó ètò SAP dé, tí mọ́tò tuntun wọ́n ju wúrà lọ, tí wọ́n sì ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni alùpùpù di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn aláwàdà wá mú orúkọ Okada Air, iléeṣẹ́ bàálù tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, wọ́n fi sọ ọ́, torí pé ó ń sáré, ó sì ń fò kọjá lórí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Tíṣà wà nínú àwọn tó gun ún, káfíńtà wà níbẹ̀, ẹni tó jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ni máṣíìnì tí wọ́n ń gùn, wọ́n gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni ín kí wọ́n tó ronú epo, kí wọ́n tó ronú oúnjẹ, kí wọ́n tó ronú owó tí àwọn agbófinró kan ń gbà lábẹ́ bíríìjì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó ra akoto méjì. Ó ra ọ̀kan, èyí tó pọ́nwó jù. Ìkejì, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní fóòmù nínú, ìyẹn ló ń na sí ìyá tó fẹ́ẹ́ gun ọ̀kadà. Bí ìyá náà bá dé e, Road Safety ò ní mú wọn. Bí wọ́n bá ṣubú, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ará Kánò.

Àwọn àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ á rántí Májà-májà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà nídìí ẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ lóṣù kejì, ọdún 1988, tí wọ́n sì fi òun náà ṣe alága àkọ́kọ́. Orúkọ àwọn ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan tó láti sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ba awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ní ti akoto ọdún 2009, ìjà ló kọ́kọ́ dé, ọ̀rọ̀ sísọ ló gbẹ̀yìn. Nígbà tí oṣù mélòó kan fi máa kọjá, ó ti rẹ àwọn tó ń mú, àwọn tí wọ́n ń mú sì ti mọ ọgbọ́n ẹ̀. Akoto ọlọ́kadà ṣì ń wà lórí lójú títì ńlá, á bọ́ sórí dígí ọ̀kadà tó bá ti yà sí àdúgbò. Ti èrò pòórá ní tiẹ̀, òun gan-an ló pòórá, kì í ṣe èrò.

L'Ékòó, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá tún fọwọ́ sí òfin ìrìnnà lóṣù kẹjọ, ọdún 2012. Ó lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pé àtọlọ́kadà àtèrò ló gbọ́dọ̀ dé akoto níbi tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda fún wọn. Àwọn èèyàn pariwo lórí títì 475, kò sẹ́ni tó ráyè ti akoto.

Ẹ̀yìn èyí ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí wọ́n kọ́gbọ́n nínú ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ń fi fóònù pe ọ̀kadà, Gokada, MAX àti ORide, ti gba ìgboro Èkó. SafeBoda, tó ti Uganda wá, wọ Ibàdàn ní nǹkan bí àsìkò kan náà. Akoto méjì ni ọlọ́kadà wọn máa ń gbé, àwọ̀ kan náà, tó mọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń fún èrò ní àwọ̀n irun tí yóò fi bo orí kí akoto tó kàn án. Orúkọ ọlọ́kadà wà lórí fóònù, fọ́tò ẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni bá fẹ́ fi èèyàn ṣoògùn owó ò ní kọ orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ ná. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń bú akoto lọ́dún 2009 ń dé e, wọ́n ń so okùn ẹ̀ mọ́ àgbọ̀n láìjẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ kankan dúró níwájú. Ìbéèrè ìyá ojọ́sí ni wọ́n dá lóhùn, ó sì gbà.

Kò pẹ́ o. Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kejì, ọdún 2020 ni ìjọba Èkó, lábẹ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú, lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Marwa kúrò ní apá tó pọ̀ nínú ìlú náà. Wọn ò yọ àwọn onífóònù tó ní akoto mímọ́ sílẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n ka gbogbo wọn sí. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ó di èèwọ̀ pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà, Surulere, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Mainland, wọ́n sì fi mẹ́rin mìíràn kún un lóṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ìjọba ní ìjàǹbá àti ìwà ọ̀daràn ló fà á, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ọlọ́kadà tí wọ́n lé ní Ìkẹjà ò wọlẹ̀ lọ, ibi tí wọn ò ti lé e ló kó lọ, òun àti akoto ọ̀kan ṣoṣo tó ní.

Láwọn ìlú tí ọ̀kadà ti ń ná fàlàlà, n'Ibàdàn, l'Ógbómọ̀ṣọ́, l'Óṣogbo, l'Ákùrẹ́, ojú ṣì ń rí wọn lójoojúmọ́: bàbá níwájú, ọmọ iléèwé méjì láàrin, ìyá lẹ́yìn, orí mẹ́rin, kò sí akoto kan. Àwọn díẹ̀ wà tí wọ́n ti ra tiwọn, nọ́ọ̀sì tó ń jáde iṣẹ́ lóru, òṣìṣẹ́ báńkì tó gbé e há abíyá bíi báàgì. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣàríyànjiyàn. Wọ́n á dé oríta, wọ́n á dé tiwọn, wọ́n á so okùn ẹ̀, wọ́n á ní ká máa lọ. Àwọn èèyàn á máa wò wọ́n bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Àwọn mìíràn tí kò lówó ẹ̀ ń mú ọ̀rá tàbí ìborí kékeré sápò, tí ọlọ́kadà bá nawọ́ akoto, wọ́n á kọ́kọ́ fi bo orí. Kò dára tó akoto ara ẹni, ṣùgbọ́n làpálàpá ò ní ríbi gbà wọlé, orí sì wà nínú nǹkan kan.

L'Ékòó, Gokada sọ iṣẹ́ ẹ̀ di ti ẹrù gbígbé lẹ́yìn òfin ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ti pọ̀ bí eṣú lójú títì báyìí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń dé akoto, torí ọ̀gá wọn kì í gbà kí wọ́n jáde láìsí i. Àpótí ńlá ló wà lẹ́yìn wọn, níbi tí èrò máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Tí ohun tí wọ́n gbé bá jẹ́ nǹkan tó lè fọ́, bí agogo ara ògiri tàbí abọ́ tánganran, oníbàárà á ti fi fóòmù funfun wé e yípo kó tó kó o fún wọn, á sì dúró tì wọ́n títí yóò fi rí i pé wọ́n dè é dáadáa.